Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Gbígbóná

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ ní Òkè-Ọ̀pin pé ìyá mi ya ọ̀lẹ lọ́dún 1994, ẹ bá mi sọ fún un pé èmi Fúnmilọ́lá, akọ̀wé káńsù ní Ìlọfà, ní kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, mi ò sì ní gbà kí wọ́n fi ẹnu bà á jẹ́.

Moróhunfọ́lá ni orúkọ ìyá mi. Iṣẹ́ epo pupa ni wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ mẹ́rin. Ẹni tí kò bá dé ẹkù rí, kó mọ̀ pé kòtò tí a ti ń fún epo ni. Bí ẹyìn bá ti jinná nínú àgbá, a ó dà á síbẹ̀, àwọn obìnrin á wọ inú rẹ̀, wọn á di igi mú, wọn á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yọ. Gbígbóná ló dára kí a tẹ̀ ẹ́, epo rẹ̀ á tètè jáde. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jóná? Wọ́n á dúró létí ẹkù, wọ́n á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò, wọ́n á fò sẹ́yìn bí adìyẹ tó tẹ eérú gbígbóná.

Ìyá mi kì í dúró. Láti bí ọdún mẹ́ta ṣáájú, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n á ká aṣọ sókè, wọ́n á rìn wọnú ẹkù bí ẹni tó ń wọ odò. “Éè dùn mí,” ni wọ́n máa ń wí, pé kò dun àwọn rárá, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin yòókù á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ẹsẹ̀ irin ni. Èmi náà ń fi yangàn ní ọ́fíìsì. Ọlọ́run foríjì wá, àìsàn là ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún náà, ọrùn ẹsẹ̀ òsì wọn wú, ó pọ́n, ó sì gbóná. Wọ́n ṣì ń fi í lọ sóko, wọ́n ṣì ń fi í ru igi. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí kò bá ti dunni, a ti kà á kún ohun tó san. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Adégbóyèga, fi òrí pa á, wọ́n ní ó kàn rọ́ ni. Nígbà tí mo wálé ní ìparí oṣù kejì, ẹsẹ̀ náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ti yọ gọngọ síta. Mo pariwo. Ìyá mi ní kí n má kó aráalé láyà sókè.

Tipátipá ni mo fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà Olóyèdé ní kí wọ́n di ojú, ó mú abẹ́rẹ́, ó ń gún àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. “Ṣé ó dùn yín, Màmá?” Ìyá mi rò pé ìdánwò akin ni.

“Éè dùn mí!” Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. “Gún un sí i!”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fọ́tò egungun síwájú wa. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́.

“Àtọ̀gbẹ ti wà lára yín tipẹ́, Màmá,” ló wí. “Ó ti pa iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora. Egungun yín ń fọ́, ẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tó ta yín lólobó. A ó fi pí-ó-pí tó ń le bí òkúta dì í fún oṣù mẹ́rin. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò dá egbò, a ó sì gé e.”

Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ìrora ni yóò fi ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni yóò dá ẹni tí nǹkan kan ò dùn dúró? Ìgbà ẹyìn náà tún ni. Sikirat, tí wọ́n ti jọ ń ṣe ẹkù láti ọdún gbọọrọ, wá kí wọn.

“Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?”

“Éè dùn mí.”

“Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?”

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọmọ akọ̀wé ti sọ ìyá rẹ̀ di òyìnbó. Inú bí mi dé góńgó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin, èmi àti ìyá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ń wo ẹkù lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ti da ẹyìn sí i, ooru ń rú, kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́. Sikirat ké sí wa: “Moróhunfọ́lá o! Díẹ̀ péré!”

Ìyá mi di òpó mú, wọ́n dìde. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ pí-ó-pí síwájú, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ kó tó kan ilẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu mi. Òógùn bò wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fà á padà, tí wọ́n sì jókòó, tí omi ń dà lójú wọn.

“Ẹ jẹ́ ó tutù!” ni wọ́n kígbe, pé àwọn ò ní wá. “Mé è wá!”

Mo ti rí wọn tí wọ́n wọ ẹyìn gbígbóná ní ìgbà àìmọye. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn ló mú kí orí mi wú.

Ní ìparí oṣù kẹfà, wọ́n tú pí-ó-pí. Ẹsẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó wọ́ díẹ̀, bàtà àkànṣe ni wọn yóò máa wọ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ó pé, egungun ti so. Dókítà pe àwọn dókítà kéékèèké wá wò ó, ó ní ọ̀pọ̀ tí òun dì bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Ó wá kọjú sí mi. “Àǹtí, okùn lẹ fi so wọ́n mọ́ àga ni?”

Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dìde.

“Ta ni yóò so mí?” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo jókòó.”