Ọsàn, Atalẹ̀ àti Omi Àdúrà

Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kó dànù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń mú ohun mímu yìí dùn. N ó fọ̀ ọ́ dáadáa, n ó sè é pẹ̀lú atalẹ̀ títí ilé yóò fi máa ta sánsán, n ó gbé e kalẹ̀ kó tutù. Ọwọ́ ni mo fi ń fún ọsàn mímu sí i, nítorí ẹ̀rọ máa ń lọ kóró mọ́ ọn, kóró sì korò. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, kó má baà bo adùn ìyókù mọ́lẹ̀. Oyin, ègé bàrà olómi tó ti dì nínú fírísà, ó parí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé wa ní Àgọ́-Ìwòyè ló sọ fún mi pé mọ́kítéèlì ni wọ́n ń pè é: ohun mímu tó jọ ọtí, àmọ́ tí kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀. Mo ní ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Ọkọ mi ni mo ń wá a fún. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò fi bò rárá: bí ọtí bá tún kan ẹnu rẹ̀, kí a máa múra ìsìnkú. Ọkọ mi sunkún níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ti jáwọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ìwé, bí mo ṣe ń pè é ní "ẹ" lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní "ó".

Mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni yóò le fún un jù. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìgò rẹ̀, ife sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ni mo bá ra ife gíga onígíláàsì kan, tí mo bá ti dé láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, n ó wọ ilé ìdáná lọ po ọsàn fún un. Ó bu mu, ó dijú, ó ní, "Ìyàwó mi, o ti gbà mí là." Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó! Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ sọ́nà Mamu láti ra ọsàn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, torí pé tinú ọjà kì í lómi tó bẹ́ẹ̀.

Aládùúrà ni wá. Nínú ìjọ wa, bí wọ́n bá gbàdúrà sí omi fún ènìyàn, ti onítọ̀hún nìkan ni. Ẹlòmíràn kì í tọ́ ọ wò, kì í tilẹ̀ ṣí i. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti Efire wá kí wa, tó gbé ẹja gbígbẹ àti kẹ́ẹ̀gì kan kalẹ̀, tó sì lọ fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ọkọ mi wá sọ fún mi pé omi àdúrà ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì, pé wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí létí ọ̀sà, mi ò bèèrè nǹkan kan. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wọlé padà, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí. "Ùyàwó, dìde o, kí ni mo ṣe?" ló ń wí, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi fúnra mi ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sábẹ́ tábìlì tí a ti ń gbàdúrà, mo fi aṣọ funfun bò ó. Bó bá tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a tún gbé òmíràn wá.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé ife ọsàn fún ọkọ mi, yóò bu omi rẹ̀ sí i, yóò gbójú sókè, yóò ní, "Olúwa, wo ẹ̀dọ̀ mi sàn." Èmi yóò ṣe àmín. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n ríran sí òun pé kí òun máa bu omi náà sí i dáadáa. Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà. Ó ní kí n fi atalẹ̀ kún un, kí n má ṣahun ọsàn wẹ́wẹ́, kó lè ta lẹ́nu. Èmi rò pé ohun mímu mi ló túbọ̀ ń wù ú, mo tún ju kànáfùrù sí i. Lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́ òórùn kan lẹ́nu rẹ̀, ó ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó mi ló ti ń kan. Mo da odindi ìkòkò nù, mo tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn náà la padà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èsì rẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà bi í pé kí ló ń mu. Ó ní, "Èyí tí ìyàwó mi ń pò fún mi nìkan ni." Ni dókítà bá yíjú sí mi. Ọmọ tí mo lè bí ni, ó sì fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: "Mámà, kí lẹ ń fi sí i?" Mo kà á fún un, láti orí ọsàn dé orí oyin. Ó ní kí n yọ oyin kúrò, kí n dín atalẹ̀ kù. Mo bẹ dókítà, mo bẹ ọkọ mi, mo ní mi ò mọ̀ ni. Ọkọ mi gbé fìlà lé orúnkún, ó ní, "Kò burú. Ìfẹ́ ló fi ṣe é." Ó dárí jì mí! Títí di òní, bí mo bá rántí ìdáríjì yẹn, ẹ̀jẹ̀ mi á máa hó.

Mo gbà pé èmi ni mò ń pa ọkọ mi. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, èmi nìkan ló wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun ti lọ sípàdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ni mo bá ní kí n mu díẹ̀ nínú omi rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kọ́kọ́ tọrọ ìdáríjì pé mo fẹ́ fọwọ́ kan omi tí kì í ṣe tèmi. Mo bu ún sí ife, mo dà á mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó jó mi láti ọ̀nà ọ̀fun dé àyà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ẹ̀mí ti bà lé mi. Mo ti pariwo "Halelúyà" kí òórùn rẹ̀ tó gba imú mi. Ògógóró ni. Ògógóró etí omi, tó mọ́ gaara bí omi òjò.

Mo fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnu yà á. "Ùyàwó, mo rò pé o mọ̀ ni! Ó ní dókítà gba òun láyè, pé ìwọ lo ń fi ọsàn là á fún òun. O tiẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo pa fóònù.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, kò sí ọsàn kankan nílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ni mo gbé sórí tábìlì, mo ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó jókòó. Gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ látọ̀sán, mi ò rí ọ̀kan bú. Mo kàn ní, "Dádì, ẹ ò bá mu ún níta bí àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe ń mu ún. Kí ló dé tó fi jẹ́ àdúrà lẹ fi bò ó?"

Kò jiyàn. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kò síbi tí mo lè fi nǹkan pamọ́ sí tí o kò ní tú débẹ̀. Èyí nìkan ni mo mọ̀ pé o kò ní fọwọ́ kàn."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọ tí mo bí kò mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí mi kò mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ló ti ń wo inú mi, ó sì rí ibi kan ṣoṣo tí n kò lè ṣọ́ ọ dé. Ibẹ̀ ló gbé ikú rẹ̀ pamọ́ sí.