Ìdajì Kíjìpá fún Ọkọ Mi, Àkàngbé

Yéè! Àkàngbé! Ìwọ lo lọ, èmi ni mo jókòó! Ikú wọ ilé wa ní Fẹ́sítàkì, ó bá arúgbó lórí àga, ó fò mí dá, ó mú ọ̀dọ́ lọ. Ikú ò mọ ẹni tó ń retí rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi ni Ìbùkúnolúwa, Àkàngbé ni oríkì rẹ̀, àkọ́bí mi ọkùnrin ló bí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọkọ mi ni mo máa ń pè é, bí ìyá àgbà ṣe ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ ní Amúwo ló ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí ẹnìkan tó kàwé bá mi kọ ọ̀rọ̀ tèmi. Mo ní ó tì o. Ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi kì í lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, n kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́.

Àkàngbé, o ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí dókítà sọ fún wa pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Àwọn kan nínú ẹbí ní abíkú ni ọ́, kí a wá orúkọ burúkú sọ ọ́. Mo ní Ìbùkún ni yóò máa jẹ́. Ìbùkún lo jẹ́ títí di òní.

Ìwọ tí egungun ń ro bí ẹni pé wọ́n ń fi àáké là á, ìwọ náà lo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Bíbélì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Wàá wà ní ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tirédì Féà, wàá tẹ̀ mí láago: "Màmá Àgbà, ẹ ti lo oògùn ìfúnpá yín?" Aláìsàn ń bi aláìsàn! Màá ní, "Ìwọ ńkọ́, o ti lo tìrẹ?" Wàá bú sẹ́rìn-ín.

Bí ìrora bá dé, wàá di irin àtẹ̀gùn mú, wàá máa kọrin jẹ́jẹ́ títí yóò fi lọ. Lọ́jọ́ kan mo bi ọ́ pé kí ló dé tí Ọlọ́run rẹ kò wò ọ́ sàn. O ní, "Màmá Àgbà, Bàbá mi ni. Bó fún mi, bí kò fún mi, Bàbá mi ṣì ni." Ìrora tó dé kẹ́yìn kò lọ. A gbọ́ tí orin dá dúró lójijì. Kí a tó gbé ọ dé ọsibítù, ó ti bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, arákùnrin kan wá kí wa, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ká ní ìgbàgbọ́ rẹ tó ni, o kì bá tí kú. Mo ní kó dìde lórí àga mi. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń dúpẹ́, ó ṣe dáadáa. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le rí tó sì ń dúpẹ́, kí la ó pe ìyẹn?

Ẹ jẹ́ n sọ ti kíjìpá. Ìyá mi ló hun ún, aṣọ tó nípọn bí awọ, pé òun ni kí wọ́n fi sin mí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, èmi àtìwọ la máa ń gbé e jáde láti sá a. Tó bá gba afẹ́fẹ́ tán, wàá di etí kan mú, màá di etí kejì mú, a ó nà án, a ó ká a. Aṣọ ọ̀hún kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè dá ká. Wàá ní, "Màmá Àgbà, ṣé ẹ ti ń palẹ̀ mọ́ ni? Ẹ má tíì lọ lọ́sẹ̀ yìí o, àwa ọ̀dọ́ ní ìpàgọ́." Màá ní, "Wèrè! Ìwọ lo máa tẹ́ ẹ sábẹ́ mi. Bó o bá tẹ́ ẹ sódì, màá dìde gbá ọ létí." Wàá dọ̀bálẹ̀: "Màá tẹ́ ẹ dáadáa, ìyàwó mi."

Àkàngbé, o ṣèlérí.

Àwọn àgbà ilé wa ti jókòó, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dé etí ibojì, pé òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí. Bàbá rẹ rí mi, ó kígbe: "Màmá, aṣọ ìsìnkú yín nìyẹn! Wọn kì í fi aṣọ àgbà sin ọmọdé!" Mo ní, "Ta ni wọn?" Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé aṣọ ìyá mi sí méjì. Ó le, mo gé e tán.

Ìdajì ni wọn yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ nínú pósí. Kí àwọn àgbà fọkàn balẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò ní dé ibojì. Ṣùgbọ́n aṣọ mi yóò bá ọ wọlẹ̀, n ò sì tíì gbọ́ òfin tó dè é.

Ìdajì kejì wà nínú àpótí. Bí ọyẹ́ bá dé, màá gbé e jáde, màá sá a. Ó ti kéré báyìí. Mo lè dá a ká. Ìyẹn ló ń pa mí lẹ́kún.

Ọkọ arúgbó, ọmọ tó mọ Bàbá rẹ̀, sùn re o lórí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi. Lọ́jọ́ tí mo bá gbé ìyókù dé, dìde, wá di etí tìrẹ mú.

Màmá Àgbà rẹ