Bọ́tìnnì Tó Ń Fo Ọ̀rọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bá ọkọ mi jà sí nílùú Manchester kì í ṣe obìnrin, kì í ṣe oúnjẹ. Ìyá arúgbó kan ni, tí kò sí láyé yìí rárá. Inú géèmù ló wà. Ó dúró sẹ́bàá kànga, irun rẹ̀ funfun, ó sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọkọ mi tẹ bọ́tìnnì kan lórí páàdì tó dì mú, ìyá la ẹnu, ọ̀rọ̀ fò kọjá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ìyá tún la ẹnu, ọ̀rọ̀ tún fò kọjá. Kí n tó mí, ọkọ mi ti yọ idà, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń bá ìkookò jà.

Mo ní, "Ẹ ò tiẹ̀ kí wọn?"

"Kí ta?"

"Ìyá tó ń bá yín sọ̀rọ̀."

Ó wò mí, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyàwó, computer ni o."

Mo mọ̀ pé computer ni. Tíṣà ni mí kí n tó kúrò l'Abẹ́òkúta, mi ò wá láti inú ihò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ ìyá yẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo rí mú.

Ọdún mẹ́rin ni ọkọ mi fi ṣáájú mi dé ìlú yìí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tó bá pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán títí káàdì á fi kú. Á sọ nípa òjò ibẹ̀, tí kì í rọ̀ kó tán, tí kì í sì í dá. Á sọ nípa ará ilé ìsàlẹ̀ tó ń wọ ṣòkòtò penpe nínú òtútù. Mo máa ń gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, màá máa rẹ́rìn-ín. Ohùn yẹn ni mo tẹ̀lé wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìgbà tí mo wá dé ilé rẹ̀ ládùúgbò Hulme, mo bá ọkọ, mi ò bá ohùn. Ó ra kóòtù tó nípọn sílẹ̀ dè mí, ó máa ń se oúnjẹ tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, kò sì jẹ́ lọ síbì kankan láìsọ fún mi. Ṣùgbọ́n tí a bá ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó parí. "O ti jẹun?" "Ṣé òtútù ò mú ọ?" Ìyẹn náà ni. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ti wá pàdé ojú, ọ̀rọ̀ dà?

Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ sì dá lé. Ọ́fíìsì ńlá kan ló ń lọ, wọ́n á fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ̀ ọ́ létí, àwọn tí fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bá bàjẹ́ á pè é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi ń jowú rẹ̀. Níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́ ní Broughton, aṣọ ibùsùn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì la ń fọ̀, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti fi ẹnu jẹun níwájú ọmọ ilé ìwé! Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, ọ̀rọ̀ á ti kún mi lẹ́nu bí omi tí mo fẹ́ tu dànù.

Mo gbà pé kò fẹ́ mi mọ́ ni. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, mo ní tó bá fi máa di ọdún Àjíǹde tí nǹkan ò yí padà, màá padà sílé, màá tún lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ABD. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o ti sọ fún ọkọ ẹ?" Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o." Mo gbọ́, àmọ́ mo gbójú fò ó.

Ọjọ́ tí a jà nípa ìyá arúgbó yẹn, mo ní kó jẹ́ kí n máa ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn inú géèmù náà fún un kó tó tẹ bọ́tìnnì. Mo nàró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka dictation. Kò tíì pé gbólóhùn méjì tó fi di etí. "Ìyàwó, jọ̀ọ́. English ni mo ti ń gbọ́ láti Monday."

Mo bá yí i sí Yorùbá, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ò bìkítà: "you" ni ọba, "you" ni ajá. Èmi ò lè la ẹnu láìkọ́kọ́ mọ ta ló ju ta lọ. Oníbodè ìlú kan wà níbẹ̀, mo wo irùngbọ̀n rẹ̀, mo ní kó wí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lò ń lọ?"

Ọkọ mi dá géèmù dúró. "Ta ni ọmọ? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dragon?"

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ pa dragon ni?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀! Ní kó pè mí dáadáa."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Oníbodè gba "ẹ" tipátipá, mo sì fi ohùn ẹni tí eyín ń dùn sọ ọ́.

Obìnrin kan wà nínú géèmù náà, tafàtafà, tó ń bá jagunjagun ọkọ mi rìn káàkiri. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti jọ rógun, nítorí náà mo fún un ní "o". Ó dùn lẹ́nu mi ju bó ti yẹ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi jù mí, màmá mi sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó wọlé rẹ̀ pé mi ò gbọdọ̀ pè é ní "o" láéláé. Mi ò sì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tafàtafà lè sọ ọ́. "Dìde, ọ̀lẹ!" ni mo máa ń fi ohùn rẹ̀ wí. "Ṣé o ti sùn ni?" Màá sì máa yọ́ ojú ọkọ mi wò.

A wá ṣe àdéhùn. Tí a bá wà nínú ìlú, èmi ni mo láṣẹ, kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ti ọmọ tó ń ṣeré ní títì. Tí a bá wà nínú igbó, òun ló láṣẹ, mi ò gbọdọ̀ yanu. Àdéhùn dára lójú, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò mi pọ̀. Mo ní kó wọ gbogbo ilé, kó kí gbogbo èèyàn, kó bi alágbẹ̀dẹ léèrè ìdílé rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ti ń han-an-run pẹ̀lú páàdì lọ́wọ́. Nígbà tí mo jí i, ó ní géèmù náà ti di ìwàásù pásítọ̀ wa. Òun náà, ní tirẹ̀, á wọ igbó kò ní fẹ́ jáde. Èmi á dijú pa ẹnu mi mọ́, títí mo fi béèrè lọ́jọ́ kan bóyá àwọn ìkookò yẹn ò ní ilé.

Ọjọ́ kan, àwọn olè dí wa lọ́nà lórí afárá. Ọkọ mi ti ń pọ́n idà sílẹ̀ fún irú wọn látàárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì jẹ́ tèmi. Mo ní kó mú ìdáhùn tó rọ̀ jù. Àwọn olè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tún fún wa ní búrẹ́dì. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó." Mo tún un wí títí tó fi ní tí mo bá wí i lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á padà lọ bá wọn jà.

Mo ti rí irú géèmù bẹ́ẹ̀ mélòó kan láti ìgbà náà. Nínú àwọn kan, èèyàn á máa ka ìwé bí ẹni ń ṣe ìdánwò, apá á sì máa yún un. Nínú àwọn mìíràn, èèyàn á pa gbogbo ẹni tó bá rí láìmọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn tó dára ni àwọn tí ọ̀rọ̀ ti ń jẹ́ kí ìjà ká èèyàn lára, tí ìjà náà sì ń jẹ́ kí èèyàn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ inú igbó tí àdéhùn wa fipá mú mi ṣe ni mo ti mọ nǹkan kan nípa ọkọ mi. Mo rí i pé tí ọ̀tá bá yọ, kí ọkọ mi tó ṣe ohunkóhun, á kọ́kọ́ fi ara jagunjagun rẹ̀ dáàbò bo tafàtafà. Tí àwọn méjèèjì bá fara gbọgbẹ́, tafàtafà ló máa kọ́kọ́ fún lóògùn. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí a dé ìlú.

Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn."

Irọ́ ni. Obìnrin yẹn lè jà fún ara rẹ̀ ju òun gan-an lọ. Orí mi wú, inú sì tún bí mi. Ta ló fẹ́ ọkọ tí ìkẹ́ rẹ̀ ò hàn àfi tí ìkookò bá dé?

Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti bi obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń bá èèyàn wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ó ní kí n fún òun lésì láìpẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, òjò ń fọ fèrèsé, a jókòó sídìí géèmù. Jagunjagun àti tafàtafà dá iná sínú igbó, wọ́n ń sinmi. Obìnrin náà dìde, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan.

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ibi ìjà ńlá kan ló ń lọ. "Inú igbó la wà. Tèmi nìyí."

Mo ní, "Wọ́n ti dáná, wọ́n ti jókòó. Ó ti di ilé."

Ó rò ó, ó gbà. Mo kà á, mò ń yí i bí mo ṣe ń kà á: "Mo ti bá yín rìn láti ìlú dé ìlú. Ẹ ń gbà mí lọ́wọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí léèrè ohunkóhun rí. Tí ẹ ò bá fẹ́ mi mọ́, ẹ sọ fún mi, kí n padà sílùú mi."

Ìdáhùn mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí èyí tó kúrú jù. Kò tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní 'ẹ'?"

Ìgbà yẹn gan-an ni èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tafàtafà ò ràn mí lọ́wọ́, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń retí ìdáhùn.

"Ìyàwó. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wo páàdì, ó wá gbé e sílẹ̀ lórí ẹní. Ó ní, "Má lọ."

Mo dúró. Kò sí òmíràn. Ìbínú gbogbo oṣù yẹn ru sí mi lórí. Mo ní, "Ìyẹn nìkan? Ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé? Ẹ tún ti fò ó!"

Ó bo ojú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ní kò sí ẹni tó ń pe òun níbi iṣẹ́ tí inú rẹ̀ dùn. Wọ́n á bú òun, òun á máa dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, torí ọ̀gá ń gbọ́. Ó ní, "Tí shift bá parí, mi ò ní ẹ̀rín mọ́, mi ò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Ilé yìí nìkan ni ibi tí mo ti lè dákẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí mi. Mo rò pé tí mo bá ṣáà ti jókòó tì ọ́, o ti mọ̀."

"Mi ò mọ̀."

"Mo ti rí i báyìí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú ara mi náà ṣe mí. Ọ̀rọ̀ ló ń pa òun, ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa èmi, a sì jọ jókòó sórí àga kan náà. Mo nu ojú mi. Mo sọ fún un nípa tíkẹ́ẹ̀tì, nípa ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo rẹ̀. Ó mi orí, ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Kí ni kí n máa bi ọ́? Kọ́ mi. Tíṣà ni ọ́."

"Ẹ bi mí bí iṣẹ́ ṣe rí lánàá."

"Báwo ni iṣẹ́ ṣe rí lánàá?"

Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ẹ̀rọ kan kọ̀, wọ́n tún un ṣe. Obìnrin tó ń bá mi ká aṣọ bu ápù rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Bọ́ọ̀sì pẹ́. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí dragon. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò yọ àwọ̀ ápù náà sílẹ̀, mo sọ bí aṣọ ṣe ń gbóná lọ́wọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo rí i pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wúwo. Mo dákẹ́ fún un.

Ó la ojú, ó ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"