Ojú Ìyá Wa, Nínú Orí Ẹ̀gbọ́n Mi

Tí mo bá di ojú mi, òkùnkùn ni mo ń rí. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ẹ ní kí n ro ọsàn, mo mọ̀ pé ó rí roboto, mo mọ̀ pé ó lè kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò rí ọsàn kankan. Mo ti hu ewú kí n tó mọ̀ pé àwọn èèyàn yòókù ń rí i.

Ìtàn ni mo sì ń kọ o! Èmi tí mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, tí mo ń ta ìṣó àti páànù ní Ìdímù. Tí kò bá ti sí oníbàárà, màá gbé fóònù, màá máa tẹ ìtàn ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń kà á. Wọ́n ní bí mo bá ṣàpèjúwe obìnrin, àfi bíi pé ó jókòó tì wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Tí mo bá kọ abala kan tán, màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé wọn ní Bàrúwà, màá kà á sí wọn létí bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Tí mo bá kà á dé ibi tí obìnrin kan ti wọlé, wọ́n á dá ọwọ́ dúró.

"Kí ló wọ̀?"

"Aṣọ ni, Àǹtí mi."

"Aṣọ ni! Ta ló ní kó máa rìn ní ìhòòhò? Mo ní irú aṣọ wo?"

"Ẹ bá mi wò ó jàre."

Wọ́n á di ojú. Wọ́n á ní ìró rẹ̀ ti ṣá létí, ó sì fa gèlè sílẹ̀ bo etí kan nítorí pé etí ọ̀hún ń dùn ún. Èmi á yára tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo rò pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ń hun ún. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn ń rí i ní tòótọ́, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ní òkùnkùn nìkan ni èmi ń rí, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìwọ yìí, ojú Ìyá wa ńkọ́? O ò rí ìyẹn náà?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n pupa. Mo mọ̀ pé wọ́n kọlà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o mọ̀."

Ìyá wa ti kú tipẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n yà, àgbàrá tó wọ ilé mi ní Ìgándò ló bà á jẹ́. Ojú wọn wá ku ibì kan ṣoṣo láyé, inú orí ẹ̀gbọ́n mi. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ìyá wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi á rí i, èmi á kọ ọ́. A kọ ilé ìdáná wọn ní Èkìtì, a kọ èéfín, a kọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti igi sínú iná. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú ló máa kẹ́yìn.

"Ẹran ni," wọ́n ní. "Ta ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹran?"

Ẹran ò tíì kan ẹnu wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi mú ẹ̀gbọ́n mi. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ pátápátá.

Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ kí wọn. Èmi bàbá arúgbó tó ń jágbe mọ́ àwọn alágbàṣe! Màá dúró lẹ́nu géètì wọn, màá gbé fóònù sétí bíi pé mò ń bá èèyàn pàtàkì sọ̀rọ̀, títí ọmọ wọn obìnrin fi yọjú lọ́jọ́ kan.

"Ọ́ńkù, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀? Fóònù yín ò tanná o."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé tí mo bá ti jáde nínú yàrá wọn, ojú tiwọn náà ti pa rẹ́ nìyẹn. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, mo máa ń dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ilẹ̀kùn tí màá ṣí.

Lọ́jọ́ náà mo fi ọwọ́ mi sínú ọwọ́ òsì wọn. Mo ní, "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ ọwọ́ mi. Ṣé ojú Ìyá wa gùn?"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn.

"Àbí ó rí roboto?"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Imú wọn tóbi? Ó kéré?"

Wọ́n tẹ méjèèjì.

"Ṣé wọ́n ní ìwo?"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọmọ wọn tó ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dáa létí mi.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde pé kí n máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ òsì sókè. Wọ́n fi kan ojú mi, lábẹ́ ẹnu. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, ohùn kan ń dún ní ọ̀fun wọn.

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo jọ wọ́n?"

Wọ́n tún fi kàn mí níbẹ̀. Ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú mi dáadáa.

"Ọ́ńkù, ẹ̀kọ tí ẹ mu lẹ́ẹ̀kan ló wà ní irùngbọ̀n yín." Ó sì nù ún kúrò.

Mo tún béèrè, mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti di ojú. Bóyá wọ́n sùn ni, bóyá wọ́n ń wo Ìyá wa, mi ò mọ̀. Mo dúró níwájú dígí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wo bàbá arúgbó inú rẹ̀ títí, pé kí n gbé e lọ sílé. Mi ò tíì dé géètì tó fi pa rẹ́.

Nínú kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù pé ìyá náà jọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́. Kí ni mo mọ̀? Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ.