Ọwọ́ Ń Tọ́jú, Ojú Ń Lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ń gbé nítòsí ojú irin ní Yábàá, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ìyá ìyá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Tíṣà ni ìyá mi, àárọ̀ ló ń jáde. Ọ̀sán ni èmi ń lọ sí ilé ìwé tèmi. Apá àti ẹsẹ̀ òsì ìyá àgbà ti rọ, kò lè dìde, kò sì lè mú ìtọ̀ dúró mọ́. Obìnrin tó pọ̀n mí títí mo fi gbọ́njú nìyẹn o.

Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Màá gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, màá fi kànrìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, màá fa aṣọ tó tutù kúrò lábẹ́ rẹ̀, màá tẹ́ gbígbẹ. N kò ṣèmẹ́lẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n òórùn ìtọ̀ yẹn máa ń rí mi lára, nítorí náà ojú fèrèsé ni mo máa ń kọjú sí, tí màá máa wo ọkọ̀ ojú irin, tí ọwọ́ mi á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Mo rò pé kò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì lágbára di ọwọ́ mi mú. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí ń tọrọ omi mu.

“Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ ń lé mi lọ.”

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí mọ́. Bí mo bá bi í, á ní ara òun gbẹ, kí n lọ ṣeré. Á sì wà nínú ìtọ̀ títí ìyá mi á fi dé. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn láti lọ ṣeré. Egbò yọ sí i ní ìdí, kò san, ìyá àgbà sì kú kí òjò ọdún náà tó dá. Wọ́n ní àìsàn ló pa á. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́ títí ó fi lọ, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ọmọláńgidi onírọ́bà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí a ṣe ń wẹ aláìsàn. Ẹni tí kò bá wojú ọmọláńgidi náà, mo máa ń gé máàkì rẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Màdáàmù Wojú-Wọn, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ayé ti yí. Èmi náà ni mo dùbúlẹ̀ yìí ní Sùúrùlérè, ẹsẹ̀ ti kọṣẹ́. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń wẹ̀ mí. Láyé tiwa, ọwọ́ lásán la fi ń ṣe é. Òun ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé fóònù tó kọ ìlànà iṣẹ́ náà sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà gbàgbé ohun tó kàn. Rọ́bà yẹn máa ń bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ti dé ẹnu mi lánàá, nígbà tó dáwọ́ dúró tó sì wò mí lójú.

“Màmá, ṣé omi yìí ò gbóná jù fún yín?”

Omijé bọ́ lójú mi. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, omi ti gbóná jù nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó bu omi tútù sí i. Omi náà kò gbóná rárá. Ìyá àgbà ni mo ń sunkún fún. N kò wò ó lójú kí n bi í bẹ́ẹ̀ rí.