Ẹ Má Kí Bàbá Lórí Forklift

Èmi ni mo kọ ọ́. Ó wà lára ògiri ilé ìkẹ́rùsí wa ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà, lókè ibi tí a ti ń bu omi mu, ní èdè mẹ́ta, Yorùbá sì wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹni tó bá ń wa forklift. Àwọn àlejò máa ń fi rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ. Mo mọ ohun tí mo kọ, mo sì mọ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ forklift, ọkọ̀ kékeré kan ni, ó ní ahọ́n irin gbọọrọ méjì níwájú tó fi ń gbé ẹrù. Nínú gbogbo wa, Bàbá kan ló mọ̀ ọ́n wà jù. Wọ́n ti wà á ní Apapa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ wọn tó mú wọn wá sí Houston. Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ, kò sì sí ẹni tí kì í dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá náà kì í jẹ́ kí ìkíni ṣubú. Ibi yòówù kí ó ti bá wọn, wọn á yọ ọwọ́ kan lára sítíárìn, wọn á nà án sókè, wọn á bẹ̀rẹ̀: ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́, màmá tó wà nílé ńkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí kò tíì pé oṣù kan tó ti Nàìjíríà dé rí Bàbá tí wọ́n ń bọ̀. Ẹrù iwájú wọn ga ju orí wọn lọ. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ló bá kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Bàbá kò rí i, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ń dáhùn, ọkọ̀ sì ń lọ. Ọkùnrin ará Mexico kan ló figbe ta. Nígbà tí Bàbá fi máa tẹ bíréèkì, irin náà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí àyà obìnrin náà. Mo sáré lọ fà á dìde.

Ọ̀gá wa, òyìnbó tí kì í pariwo, ní ọjọ́ orí ti dé sí Bàbá, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n lọ máa gbálẹ̀. Inú bí mi gan-an. Èmi ni mo ń mójú tó ààbò níbẹ̀, mo sì sọ fún un pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló fẹ́ pa ènìyàn, ìkíni ni. Ó wò mí bí ẹni tí ooru ti mú jù. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Níkẹyìn, ó ní kí n ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí gbogbo awakọ̀ ṣe ìdánwò. Tí Bàbá bá fìdí rẹmi, ìgbálẹ̀ ló kàn.

Ìwé tí a ń lò tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bẹ́líìtì, fèrè àti táyà. Kò sọ nǹkan kan nípa ìkúnlẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ kúnlẹ̀ síwájú irin tó ń bọ̀ nítorí pé ó gba ẹ̀kọ́ ilé. Èmi mọ̀. Mo jókòó ti tábìlì ìjẹun mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ń kọ, mo ń pa á rẹ́. Tí ẹrù bá ti ga, ẹ̀yìn ni kí awakọ̀ fi máa rìn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò gbọdọ̀ kọjá ìlà ọ̀dà yẹ́lò. Lẹ́yìn náà, mo ya òbìrí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi omi, mo pè é ní ibi ìkíni. Ibẹ̀ ni a ó ti máa kí Bàbá, kí wọ́n tó gun ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀.

Ó wá ku kí n sọ ọ́ fún Bàbá fúnra wọn. Mo kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu.

"Bàbá, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ti wà lórí ọkọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́."

"Kí ọmọ kí mi, kí n dákẹ́? Ṣé ẹlẹ́yà lo fẹ́ fi mí ṣe ni?"

"Bàbá, òkú kì í kí èèyàn."

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Bàbá wò mí, wọ́n gbé fìlà iṣẹ́ wọn, wọ́n sì lọ. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n n kò pa òfin ìkíni náà rẹ́ nínú ìwé.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá dúró pẹ̀lú bébà àti bírò. Bàbá de bẹ́líìtì, wọ́n gbé ẹrù gíga, wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, wọ́n ń wẹ̀yìn dáadáa. A ti fi ìdánwò kan pamọ́ tí awakọ̀ kankan kò mọ̀. Èmi ni mo dá a lábàá. Mo jáde láti ẹ̀yìn òpó, mo dúró sẹ́yìn ìlà yẹ́lò, mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, mo sì fi gbogbo ohùn mi kí wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá wa."

Ọwọ́ wọn kò kúrò lára sítíárìn. Mo rí i tí iṣan ọrùn wọn yọ, bí ẹni tó ń gbé nǹkan tó wúwo ju ẹrù náà lọ. Wọ́n kọjá lára mi láìwo ẹ̀gbẹ́ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí àgbà tó tíì pọ́n mi lé tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀ síbi tó yẹ, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá nawọ́ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì ráyè tiẹ̀. Wọ́n rìn lọ tààrà sínú òbìrí tí mo yà, wọ́n dúró, wọ́n sì fọwọ́ pè mí.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan," ni wọ́n wí. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá tó wà nílé ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo dáhùn ìbéèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá sì dúró tì wá pẹ̀lú bírò rẹ̀ títí a fi kí ara wa tán.