Wọ́n Ní Modúpẹ́ Kì Í Ṣe Òṣìṣẹ́ Wọn

Odò tó wà lójú ọ̀nà Odò-Ọwá ló gbé Modúpẹ́ Ògúndípẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwé ìbéèrè mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, tó fi ọ̀rá wé dáadáa, omi ò kàn wọ́n.

Ọ́fíìsì tó rán an níṣẹ́ ní àwọn ò mọ̀ ọ́n sí òṣìṣẹ́ àwọn.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa kọ irú èyí. Ṣùgbọ́n èmi àti Modúpẹ́ la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́dún 1977, ọdún méje sẹ́yìn, kí n tó wá sídìí ìwé ìròyìn. Ilé dé ilé là ń lọ, ní Ìlọfà, ní Ọ̀sí, ní Koro. À ń béèrè iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe àti wákàtí tó fi ń ṣe é, kí ìjọba lè mọ iye ẹni tó níṣẹ́ àti iye ẹni tí kò ní.

Ní Koro, a bá ìyá kan tó ń jẹ́ Rafiat nídìí òkìtì ẹ̀gẹ́.

“Ìyá, kí ni iṣẹ́ yín?”

“Mi ò níṣẹ́ kankan, ọmọ mi. Ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́.”

Modúpẹ́ jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bá a bó ẹ̀gẹ́. “Ta ló máa rin ín?”

“Èmi ni.”

“Ta ló máa yan gàrí náà? Ta ló máa rù ú lọ sọ́jà?”

“Èmi náà kúkú ni.”

“Ìyá, iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe o.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá wa ní ká kọ irú wọn sílẹ̀ pé wọn ò níṣẹ́. Modúpẹ́ ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo fojú ara mi rí i.” Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti gbà á síṣẹ́ gidi. Òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ṣé ọdún méje ni ìgbà díẹ̀?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí òjò ò dá, ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé omi ti ń gorí afárá onígi, kí wọ́n jẹ́ kóun dúró. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: kó kó ìwé náà dé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ní Ọjọ́bọ̀, afárá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Japhet ọkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Odò-Ọwá. Ó fi ìwé èsì náà hàn mí. Ó ní, “Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ó ní bóun ò bá kó o dé, wọ́n á jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n á kọ ohun tó wù wọ́n nípa wa.”

Ẹnì kankan ò ti ọ́fíìsì wá síbi ìsìnkú. Mo lọ bá wọn. Akọ̀wé kan ní, “Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú rẹ́jísítà. Ọ̀fọ̀ ta lẹ fẹ́ ká ṣe?” Ẹ gbọ́ o! Àwọn tó ń ka òṣìṣẹ́ gbogbo ìlú nìyẹn.

Mi ò lágbára ariwo mọ́. Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí èsì yẹn lórúkọ. Kí ọ́fíìsì dárúkọ rẹ̀ fáráyé gbọ́. Kí òun fúnra rẹ̀ wá, kó jókòó síwájú Japhet, kó ṣàlàyé ohun tó ń kánjú sí. A ó dákẹ́ fún un. A ó gbọ́ ọ tán.